A Kò Ta Ilé Yìí

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní Ìjòkó, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ta ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́.

Ẹ má rò pé ilé náà ló sú mi. Iṣẹ́ ló gbé ìyàwó mi lọ sí Òṣogbo. Ó kó àwọn ọmọ lọ, ó sì kó gbogbo àga lọ. Ó wá ku èmi, bẹ́ẹ̀dì kan, àti fíríìjì tó ti kú tipẹ́ tí mo sọ di àpótí aṣọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Sángo tí mo wúkọ́, ilé á wúkọ́ padà. Àbíkẹ́yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "áńkù" lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Bí mi ò bá sì rí ilé yìí tà, a ò lè rí òmíràn rà lọ́hùn-ún ká lè jọ máa gbé.

Múfù, ejẹ́ńtì tó ń bá mi wá ẹni tó máa rà á, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ojú lèèyàn fi ń kọ́kọ́ ra ilé. Ẹ jẹ́ kó dà bí ilé tí wọ́n ti ń jayé. Àlàájà kan ń bọ̀ wá wò ó láti Ọ̀tà."

Látìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo lọ bá Màmá Ṣadé, ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì sí tèmi, mo yá àga tìmùtìmù rẹ̀ àti kọ́tíìnì. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n tètè dá wọn padà torí òun ní àlejò nírọ̀lẹ́. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Èmi tí ọkàn tèmi ń sáré kiri ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ó wá ku ògiri iwájú ilé. Nígbà kan tí àwọn gbájú-ẹ̀ ń ta ilé onílé káàkiri àdúgbò wa, mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé: A KÒ TA ILÉ YÌÍ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚ-Ẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo ra ọ̀dà funfun kékeré kan, mo bu omi là á kó lè tó, mo sì kùn ún bò ó. Múfù ní ká pe ẹni tó mọṣẹ́. Mo ní kí ló le nínú ọ̀dà kíkùn? Ẹ ò rí ẹnu mi bí?

Mo gbé àga síwájú, mo gbé e sẹ́yìn. Mo yọjú ní géètì títí àwọn aládùúgbò fi ń bi mí pé ṣé ó dáa. Nígbà tí Àlàájà máa fi dé, òjò ti ṣú. Ó jókòó, òjò dé, ó gbójú sókè wo àjà. "Òjò yìí dáa," ó ní. "Á jẹ́ ká mọ̀ bóyá ilé ń jò." Kò jò rárá. Inú mi ti ń dùn kó tó ní kí n fún òun lómi tútù nínú fíríìjì.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, kò síná látàná."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí iná fi dé. Gbogbo àdúgbò hó yè. Èmi nìkan ni inú mi bàjẹ́. Àlàájà dìde, ó ṣí fíríìjì fúnra rẹ̀, ó sì bá ṣòkòtò mi níbẹ̀. Ó rọra tì í padà. "Ooru ń mú àwọn aṣọ yín náà ni?"

Nígbà tí òjò dá, ó ní ká lọ wo ìta. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò tilẹ̀ pé ọjọ́ kan. Ọ̀dà mi ń ṣàn lọ nílẹ̀ bí omi ògì, ọ̀rọ̀ pupa yẹn sì yọ síta kedere. Àlàájà kà á sókè, ó wojú mi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ nilé yìí, àbí ẹ̀yin gan-an ni gbájú-ẹ̀?"

Mo ní èmi ni mo nilé, mo yíjú sí Múfù kó gbè mí lẹ́sẹ̀. Múfù ń wo bàtà rẹ̀. Àlàájà ti gbé báàgì kọ́pá, mo sì ń rí Òṣogbo bó ṣe ń jìnnà sí mi. Àsìkò yẹn ni Màmá Ṣadé wọlé pẹ̀lú géńdé méjì. "Bàbá Tóbi, ẹ kúulé o. Mo wá kó àga mi."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ ò dá mi lóhùn.

Àlàájà bi í pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló nilé yìí?"

"Òun ni. Ìṣojú mi ló ṣe kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Àga ló jẹ́ tèmi. Kọ́tíìnì náà, tèmi ni." Ó tún ní, "Ẹ bá a rà á, kó lè lọ bá ìyàwó ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ti ń pè é ní áńkù."

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Òrùlé tí kò jò ni mo wá wò, ẹ wá lọ ń yá àga. Ẹ kó ìwé ilé wá, kí lọ́yà mi wò ó."

Ó ra ilé náà. Lọ́jọ́ tí mo wá kó fíríìjì mi, mo bá kunlékunlé kan níwájú ògiri, ó ń fi ọ̀dà pupa tuntun tún ọ̀rọ̀ mi kọ, Àlàájà sì dúró tì í. Ó ní, "Tèmi ò gbọdọ̀ ṣí o. Ẹ bá mi kí ọmọ yín."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju pé kéèyàn fi ohun tó ní hàn bó ṣe wà, torí aládùúgbò á kúkú wá kó àga rẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ti ń pè mí ní dádì báyìí. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ti ní mo fẹ́ fọwọ́ ara mi tún nǹkan ṣe nínú ilé, á ní, "Bàbá Tóbi, ẹ má gbàgbé láti bu omi là á." Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi náà á rẹ́rìn-ín, mà á sì lọ pe ẹni tó mọṣẹ́.