Òǹkọ̀wé Tí Kò Ka Ìwé Ara Rẹ̀

Ọdún 1991 ni mo kọ́kọ́ rí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, ní kíláàsì kan ní Onígbòǹgbò tí àwa ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ti máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to àga tán ni. Ó wo àga, ó wò mí, ó ní, "Èwo ni tọba níbẹ̀?"

Bí Àràbà Gègé, Ọkọ Tàdáwà, ṣe wọ àárín wa nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè náà. Ìwé mẹ́jọ ló ní òun ti kọ. A ò rí ẹyọ kan. Ó ní SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ló sọ bébà di wúrà mọ́ àwọn òǹtẹ̀wé lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n ọn. "Ìwádìí kẹ̀? Idì kì í bi adìẹ léèrè ojú ọ̀run! Ẹ jókòó, kí ayé wá bá yín."

Simbiat, ọ̀kan nínú wa, ní tirẹ̀ kì í jókòó. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan n'Íkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyá rẹ̀ ń tẹran níbi ìpẹran Oko Ọba. Ọdún méjì ló fi kọ ìtàn àwọn alápatà sẹ́yìn bébà tí ilé iṣẹ́ náà dànù. Ibi tí nǹkan bá ti rú u lójú, yóò kọ ìbéèrè fún ara rẹ̀ sáàárín ìtàn, yóò máa bá tirẹ̀ lọ, títí yóò fi rí ẹni bi. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní.

Àràbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, ọmọ mi."

Oṣù mẹ́fà kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé mi ńkọ́?"

"Sùúrù! Ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbin iṣu ni wọ́n ń gún un ni?"

Àfi bí a ṣe rí ìkéde lára ògiri: Olúgbénró fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé tuntun, *Ọ̀bẹ Oko Ọba*. Simbiat bú sẹ́kún. Kí ni yóò fi hàn pé òun ló kọ ọ́? Mo ní kó sáà mú ìyá rẹ̀ dání.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, àwọn alápatà tí Àràbà fìwé pè kún iwájú. Ó wúkọ́ bí ìjòyè, ó ṣí ìwé, ó ń kà á:

"'Ẹni tó de màlúù ló ni ìrù. Àbí ẹni tó bó awọ ni? Kí n bi màámi lọ́jọ́ Àìkú.'"

Alhaji Làsísì, olórí alápatà, ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìyá yín ń tẹran ni?"

"Ìyá mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ ọba ni wọ́n!"

"Màámi wo wá lẹ fẹ́ bi?"

Àràbà sáré ṣí ojú ìwé mìíràn. "'Ọ̀sán pọ́n, ẹṣinṣin bo ìsọ̀. Simbiat, ọ̀rọ̀ rẹ ti ń pọ̀ jù, gé e kúrú.'"

Ìyá Simbiat dìde. "Èmi ni màámi. Ẹni tó bó awọ ló nìrù. Ọjọ́ Àìkú ọ̀hún náà ni Simbiat bi mí léèrè."

Ẹ̀rín bú. Àràbà ń làágùn. "Táípìsìtì ló bà á jẹ́!"

Stella, táípìsìtì, fèsì láti ẹ̀yìn: "Èmi kẹ̀, sà? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, pé ọpọlọ yín ni gbogbo ẹ̀ ti jáde!"

Alápatà méjì sin Àràbà délé. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdì bébà náà ti padà sọ́wọ́ Simbiat.

Abúlé Ẹ̀gbá ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ń gbé báyìí. Ó ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà.