Iná Orí Tó Gba Wúrà Ṣáájú Ọ̀tún

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Arère, ẹ gbé odó tì, ẹ fetí sílẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n rán mi níṣẹ́ yìí nìyí!

Lóṣù tó kọjá, tíṣà báyọ́lọ́jì kó àwọn ọmọ ilé ìwé girama wa lọ sí yunifásítì. Wọ́n lọ wo máíkírósíkóòpù ẹlẹ́kítíróònù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kíún di ràbàtà. Tíṣà ní kí kálukú mú ohun kékeré kan dání. Mojírayọ̀, ọmọ Ìyá Alágbàfọ̀, mú iná orí kan lọ. Òkú iná! Inú fìlà tí Olóyè Ọ̀tún fi ránṣẹ́ fún fífọ̀ ló ti rí i.

Ẹ gbà mí! Wọ́n fi wúrà kun iná náà lára! Wọ́n ní láìsí wúrà, ẹ̀rọ ò ní rí i dáadáa. Iná gba wúrà! Ọ̀tún tó ń retí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà lọ́wọ́ Kábíyèsí láti ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì gba nǹkan kan! Àwòrán iná náà wà lára ògiri ilé ìwé, ó tó àgbò iléyá, orúkọ Ọ̀tún sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Inú bí Ọ̀tún. Ó gba ààfin lọ: ó ní olè lọmọ náà, kí wọ́n lé e kúrò nílé ìwé kíákíá. Ó ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀, ìdánwò àṣekágbá ọmọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó sì dun èmi akéde pàápàá.

Kábíyèsí wá pàṣẹ!

Àṣẹ kìíní: Iná kankan kò gbọdọ̀ wọ wúrà ṣáájú olóyè! Mo tún un wí, iná kankan! Èyí tó bá dán an wò, ẹ̀wọ̀n ọdún méje!

Àṣẹ kejì: Iná tó bá ti gbé orí olóyè ti di ará ilé olóyè. Ẹni tó bá fẹ́ fi èékánná pa á, kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀! Bó bá jẹ́ obìnrin, kó kúnlẹ̀!

Àṣẹ kẹta: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ wo abẹ́ fìlà àgbà. Èyí tí ojú lásán rí ti tó! Ewúrẹ́ méjì ni ìtanràn!

Àṣẹ kẹrin, èyí tó wúwo jù: A kì í dájọ́ olè láìrí olóhun. Kí ẹni tó ni iná yìí wá sójúde ààfin lọ́jọ́ ọjà. Kó ṣí fìlà níṣojú gbogbo ìlú. Kó búra pé òun lòun ni ín, pé orí òun ló ti jáde! Bó bá ti búra tán, Mojírayọ̀ yóò kúrò nílé ìwé. Títí olóhun yóò fi yọjú, kí ọmọ náà máa lọ sí kíláàsì rẹ̀!

Ọjọ́ ọjà kìíní kọjá, a ò rí olóhun. Ọjọ́ ọjà kejì kọjá, Ọ̀tún ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Mojírayọ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀ tán lánàá. Kábíyèsí ṣì ń dúró de olóhun.

Ògúnṣeyè akéde ló jẹ́ iṣẹ́ ọba, kò bù ú, kò bù sí i. Ẹ padà sídìí odó yín. Ẹni tórí bá ń yún, kó délé kó tó họ ọ́ o!