Ìrẹsì Bíńgò Tí Àna Mi Jẹ

Mo ti rí ìtìjú láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tó bá mi ní Sátidé kan nínú ilé mi ní Fẹ́sítáàkì, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ajá mi, Bíńgò, ló ń ṣàìsàn inú. Ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó rù kan eegun, kí dókítà ẹranko kan ní Àmúwò tó sọ fún mi pé ìfun rẹ̀ ló ń wú. Ó ní àìsàn náà kì í lọ pátápátá, àmọ́ a lè kápá rẹ̀: oògùn láràárọ̀, tí mi ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá dúró, àti oúnjẹ kan ṣoṣo, ìrẹsì òun ẹja bíbọ̀, láìsí iyọ̀, ata tàbí òróró. Ẹran màlúù di èèwọ̀. Bí mo ṣe di alásè ajá nìyẹn.

Ní Sátidé yìí, bàbá àfẹ́sọ́nà Dúnní, ọmọ mi obìnrin, ń bọ̀ wá kí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo se ọbẹ̀ ẹran tó ta sánsán. Mo lọ oògùn Bíńgò, mo pò ó mọ́ ìrẹsì rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ ní kíṣínì kó tutù. Abọ́ àlejò ni mo bù ú sí, torí mi ò tíì fọ tiẹ̀. Mo bá wọ yàrá lọ wé gèlè.

Kí n tó jáde, Bàbá ti dé. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kí àwọn fẹnu kan ata mọ́. Dúnní rí ìrẹsì tí kò lata ní kíṣínì, ó rò pé mo ti gbọ́ nípa ọgbẹ́ inú náà ni mo ṣe sè é, ó gbé e fún wọn.

Nígbà tí mo máa yọ, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Ìyá Dúnní, ẹ ṣeun o! Oúnjẹ yìí mà tù mí nínú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ti Bíńgò nìyẹn!"

"Ṣé ọmọ yín ọkùnrin ni? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ajá ni, sà."

Ṣíbí já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó wá ku ti oògùn. Mo sáré pe dókítà ẹranko, ìka mi sì ṣèèṣì tẹ sípíkà fóònù, gbogbo ilé sì ń gbọ́.

"Dókítà, tí èèyàn bá jẹ oògùn Bíńgò ńkọ́?"

"Èèyàn! Èèyàn wo? Ṣé ó ní ọgbẹ́ inú?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mo máa wọ̀ ọ́. Dókítà ní oògùn náà kéré, àmọ́ kì í bá ọgbẹ́ inú ṣọ̀rẹ́, ká gbé wọn lọ sí ọsibítù kíá.

A ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ la gbọ́ gbàù ní kíṣínì. Bíńgò tí ebi ń pa ti da ìkòkò ọbẹ̀ ẹran sílẹ̀, ó ń lá a. Mo lé e, ó sá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bi gbogbo rẹ̀ sínú bàtà Bàbá.

Sílípáàsì Dúnní, pupa fòò, ni Bàbá wọ̀ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní kí ni wọ́n jẹ. Bàbá wò mí.

"Ẹ bi ìyá ìyàwó."

Ọlọ́run yọ mí, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Bíńgò ló jìyà. Ó pẹ́ kí ìrẹsì, ẹja àti oògùn tó tún inú rẹ̀ ṣe.

Ní báyìí, ẹnu Bíńgò gan-an ni mo ń ki oògùn bọ̀, mo sì ń dúró títí á fi gbé e mì. Dúnní ti wọlé ọkọ. Tí mo bá lọ kí wọn, Bàbá á gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n á ní, "Ìyá Dúnní, ẹ jẹun o. Ti èèyàn ni." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ní lè gbójú sókè.