Ọ̀gá Kamrón àti Afẹ́fẹ́ Ọpọlọ

Ní abúlé wa, a kì í fọwọ́ kan orí ẹlòmíì, a kì í sì í na ẹsẹ̀ sí àgbà. Ṣùgbọ́n orí ti Ọ̀gá Kamrón kọjá orí. Ọlọ́pọlọ-kún-àgbá, Agbọ́n-má-bèèrè: òun ló fún ara rẹ̀ lóríkì. Onígbàjámọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ orí náà kó tó gé irun rẹ̀.

Ó kà níbì kan pé ọpọlọ ń ṣe afẹ́fẹ́ kan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀. Òórùn yẹn gan-an ló ń jáde nínú ìsun omi gbígbóná tí a ti ń se ẹyin láti ayé àwọn ìyá wa. Ó bá sọ ọgbà yí i ká, ó kọ́ yàrá aláìnífèrèsé lé e, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́n kó wá sanwó.

Ìyá Buakám, tó ń se ẹyin tà níbẹ̀, bi í pé, "Ọ̀gá, níbo ni kí n ti máa se ẹyin mi?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ọpọlọ là ń sọ."

Oratai, nọ́ọ̀sì wa, dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ yín ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀ báyìí ni. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ti ń fi ṣí iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ lè débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ fa púpọ̀ símú, gbogbo iṣan ara lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ á sì fi orí sílẹ̀."

"Orí tìẹ ló máa fi sílẹ̀. Tèmi láyè tó pọ̀."

Lọ́jọ́ tó ṣí yàrá náà, gbogbo abúlé pé. Ọ̀gá nìkan ló wọlé, ó ní ká bi òun ní ìbéèrè tó bá le jù tóun bá jáde. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Baálẹ̀ ní, "Ọ̀gá, kí lorúkọ ìyàwó yín?"

"Ó wà lẹ́nu mi," ni Ọ̀gá wí, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Oratai ké sí wa: "Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kó ga ju orí lọ."

Kò sẹ́ni tó mira. Ẹsẹ̀ wo ló tó ga ju orí yẹn? Ìyá Buakám ló di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé wọn lé orí agbọ̀n ẹyin, ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu sì kọjú sí Baálẹ̀.

Ọ̀gá lajú. "Ẹsẹ̀ ta nìyí lókè orí mi?"

"Tiyín ni."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Baálẹ̀ ti ní kí wọ́n lọ wó ọgbà náà. Ìyá Buakám kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà sọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Ọ̀gá. Àyè orí yẹn pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò tíì kún un."