Ilé Tó Ń Ránṣẹ́ sí Ìyá Ìtùnú

Ṣé ẹ mọ ìdí táwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa á lówe pé, "Ilé tó mọ onílé, bó bá kó lọ, á ránṣẹ́"? Ìyá Ìtùnú ló fà á. Obìnrin yẹn lórí pípé, ẹ jẹ́ n sọ ọ́!

Ọmọ rẹ̀ bímọ sí Ìbàdàn, ìyá sì gbọ́dọ̀ lọ bá a wẹ ọmọ. Ta ni yóò wá máa ṣọ́ Bàbá Ìtùnú n'Íléṣà? Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé bàbá ṣubú rí. Dókítà ní kó jìnnà sí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ lọ̀rẹ́ rẹ̀. Ni ìyá bá ní kí wọ́n so kámẹ́rà tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ ilé ìdáná. Tó bá ti tẹ nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà sórí fóònù, á rí ọkọ rẹ̀, á sì bá a wí.

Àmọ́ bí iná bá lọ tó tún dé, nọ́ńbà ilé á yí padà, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì á gbé ti àtijọ́ fún ilé mìíràn. Bàbá gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó so kámẹ́rà. Yéè! Bí iyọ̀ bá ti ń pè é, á yọ wáyà ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, á tún fi í padà kí nọ́ńbà lè yí, kó sì lè wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ kan, ìyá tẹ nọ́ńbà tó mọ̀. Ó rí orí pípá kan bíi ti ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ sórí ìkòkò, tó ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀.

"Ẹ fẹ́ sọ mí dopó ni?" Ìyá ké mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ dákun, mi ò ní ṣe é mọ́!"

Àṣé ilé onílé tí wọ́n gbé nọ́ńbà àtijọ́ fún ni! Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni wọ́n fi sí gbogbo kámẹ́rà àdúgbò. Bàbá olóríire yẹn rò pé ìyá òun tó ti kú ló dé.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ọkọ tirẹ̀ ńkọ́? Ó pe ẹni tó so kámẹ́rà. "Ṣé ilé ò lè máa sọ ibi tó wà fún mi fúnra rẹ̀ ni?" Kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí ó fi ṣe é: bí nọ́ńbà bá ti yí padà, ilé á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá. Ẹ ò rí ọpọlọ!

Bàbá tún yọ wáyà, ó fi í padà, ó bu iyọ̀ kún ọwọ́. Fóònù dún n'Íbàdàn: "Nọ́ńbà tuntun ti ilé yín rèé." Ìyá tẹ̀ ẹ́.

"Olówó orí mi, ẹ da iyọ̀ yẹn padà."

Iyọ̀ dà sílẹ̀ yàà. Bàbá gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìtùnú, mo túúbá! Èmi ni mo kọ́ ilé yìí, àmọ́ ìwọ ló mọ̀ lónílé."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ilé tó mọ onílé, bó bá kó lọ, á ránṣẹ́.