Mítà Àlàájì Amúnáwá

Bí ẹ bá dé Ìdí-Àyìn, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà Komu, lọ́dún 1981, tí ẹ kò sì kí Àlàájì Ládòkun, ẹ ti dẹ́ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó kí mi, ìmọ́lẹ̀ ló kí. Ẹni tí kò kí mi, kó máa fi ẹsẹ̀ kọ lọ sílé nínú òkùnkùn."

Ládòkun Amúnáwá! Oòrùn kejì, oṣù tí kì í wọ̀! Ọkùnrin tó ń wọ jígí dúdú tọ̀sán-tòru, tó ní ìmọ́lẹ̀ òun ti fẹ́ ba òun lójú jẹ́. Àlàájì la ń pè é lóòótọ́, àmọ́ Kánò ni ìrìn àjò Mẹ́kà rẹ̀ parí sí. Ó ní òun rí ojú ọ̀nà Mẹ́kà láti ibẹ̀, pé ojú kì í kúkú purọ́ fún ẹsẹ̀.

Báwo ló ṣe di oòrùn? Ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo kan ló rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìgbẹ́tì, èyí tí olówó rẹ̀ ti fẹ́ gbé jù sí ààtàn. Ó wá ẹni tó so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, ó kọ́ ahéré páànù lé e lórí lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ri òpó igi mọ́lẹ̀, ó sì fa wáyà wọ ogójì ilé. Òpó iná ìjọba ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Lọ́jọ́ tí gílóòbù kọ́kọ́ tàn, àwọn obìnrin jó, àwọn àgbà súre. A ò ní parọ́ mọ́ ọn: iná náà tàn. Láti ìgbà tí a bá ti kírun Mágàríbì tán títí di aago mẹ́wàá, à ń rí ojú ara wa.

Náírà méjì ló ń gbà lórí gílóòbù kan lóṣù. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó di mẹ́ta. Kò pẹ́, ó di mẹ́rin. Nígbà tí àwọn èèyàn béèrè ìdí rẹ̀, ó tún fìlà ṣe. "Ẹ̀rọ mi ń dàgbà ni. Àgbà ló ń jẹun jù, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

Ìkùnsínú wá ń pọ̀. Ládòkun bá pe ìpàdé síwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ ní mò ń rẹ́ yín jẹ," ló wí. "Kò burú. Mo ti ránṣẹ́ lọ ra mítà ní Jámánì. Mítà ò mọ bàbá, kò mọ ọmọ. Iye iná tí oníkálukú bá lò ni yóò san."

A pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà pàtẹ́wọ́.

Àwọn mítà dé: àpótí páànù kéékèèké tí a kùn lọ́dà aláwọ̀ eérú, tí a fi èdìdì pupa lẹ̀. Ihò kékeré kan wà níwájú wọn tí a fi gíláàsì bò, ọwọ́ tín-ín-rín kan sì ń yí níbẹ̀. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ sára ògiri ilé wa. Ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, iná inú rẹ̀ lè pa ẹṣin. Láràárọ̀ ni Àmúdà, ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, máa ń wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀, mo fẹ́ fún mítà lóògùn." A ó bọ́ síta. Yóò ṣe kùrùkẹrẹ níbẹ̀, yóò sì lọ sílé kejì.

Oṣù parí. Wọ́n ní kí Ìyá Ojúọlápé, opó tó ní gílóòbù kan ṣoṣo, san náírà mẹ́wàá. Ràmọ́nì télọ̀, tó ní gílóòbù mẹ́fà àti áyọ́ọ̀nù oníná, òun náà náírà mẹ́wàá. Gbogbo ogójì ilé, náírà mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ìyá Ojúọlápé gbọ̀nà ilé Ládòkun lọ.

"Àlàájì, gílóòbù kan ni mo ní. Báwo ni èmi àti Ràmọ́nì ṣe wá di ẹgbẹ́?"

"Ìyá, ṣé òjò tó ń rọ̀ sórí ilé yín kéré sí ti Ràmọ́nì?"

"Òjò kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò rí i? Ìdí tó fi máa ń pẹ́ kó tó rọ̀ nìyẹn."

Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín. Ìyá san owó náà, kò sì ra aṣọ tó ti ń fojú sí látọdún tó kọjá.

Nígbà tó di ẹ̀rùn, ẹ̀rọ náà kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi padà sídìí àtùpà. Síbẹ̀ nígbà tí oṣù parí, náírà mẹ́wàá náà kò dín kọ́bọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á ni Nọ́ọ̀sì Florence, tó ń ṣàkóso ilé ìgbẹ̀bí wa. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, àmọ́ tó bá ti tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, akọ màlúù ò lè tì í.

"Àlàájì, ẹ̀rọ yín sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kí ni mítà ń kà?"

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ tó o kàwé! Bí èèyàn ò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dúró ni? Iná tó ṣẹ́ kù nínú wáyà ló ń rìn."

"Mi ò ní sanwó iná tí kò tàn."

"Ó tì o. Máa fi ìwé tó o kà tanná gbẹ̀bí."

Kí oòrùn tó wọ̀, Àmúdà ti já wáyà ilé ìgbẹ̀bí.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí ni ìrọbí mú Àdìjátù, ìyàwó àgbẹ̀ kan. Oyún àkọ́kọ́ ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Mágàríbì tán ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ dé, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó fọ́ gíláàsì àtùpà. Ọmọ ti jáde, ó sì ti ké, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ò dá. Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ wá ibi tó ya nínú òkùnkùn.

Ní òdìkejì títì, gílóòbù méjìlá ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ládòkun, àwọn pupa, àwọn àwọ̀ ewé. Ọkọ Àdìjátù sáré dé ibẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Àlàájì. Ìyàwó mi ń kú lọ."

Ládòkun ò bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Sọ fún Nọ́ọ̀sì kó wá sanwó."

Ìyá Ojúọlápé ló gba Àdìjátù là. Ilé rẹ̀ ò jìnnà. Ó tan ògùṣọ̀ pòròpórò ọkà bàbà, ó dì í mú lókè orí Nọ́ọ̀sì títí tí iná fi jó dé ìka rẹ̀, kò sì jù ú sílẹ̀ títí Nọ́ọ̀sì fi ní, "Mo ti rí i." Àdìjátù yè, àmọ́ odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò lè dá dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Florence yọ mítà kúrò lára ògiri. Ó fẹ́ gbé e lọ sọ síwájú ẹni tó ni ín. Ó gbọ́ tí nǹkan mì nínú rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó rí ìdérí kékeré kan, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́. Ó dé e padà, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lásìkò yìí, iná owó ti ń jó Ládòkun nínú. Ó ní Ìdí-Àyìn ti kéré jù fún òun, pé òun fẹ́ kó mítà lọ sí Komu àti Ilero. Ó ti bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ oyè: wọn yóò fi í jẹ Atànmọ́lẹ̀ Ìdí-Àyìn. Ó tún pe ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá wo ayẹyẹ náà, kí ó lè fún un níwèé àṣẹ.

Ọ̀sán Sátidé ni, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìjì náà. Ìlú péjọ síwájú ilé Baálẹ̀. Ládòkun wọ agbádá funfun, ó sì gbé gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré sí iwájú fìlà rẹ̀, bátìrì rẹ̀ wà lápò. Oòrùn aago mẹ́ta ń jó wa lórí, òun tún ń tanná sí i.

"Kò sí ọmọ adáríhurun kan ní gbogbo Òkè-Ògùn tó mọ inú mítà àfi èmi!" ló ń wí nígbà tí Nọ́ọ̀sì Florence gba àárín èrò kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó gbé àpótí kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Àlàájì, mo dá mítà yín padà. Kò rìn mọ́."

Inú Ládòkun dùn dénú. "Ẹ wò ó, ọ̀gá! A já wáyà rẹ̀, mítà dúró. Mítà ò ṣojúsàájú!"

"Ṣé kò lè rìn láìsí wáyà?"

"Láéláé!"

"Ká tiẹ̀ gbé e síbí, lójú Baálẹ̀?"

"Bí mítà tí kò ní wáyà bá rìn, kí gbogbo ìlú máa pè mí lólè!"

Nọ́ọ̀sì ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ tín-ín-rín inú gíláàsì ta kìjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Afẹ́fẹ́ ni!" ni Ládòkun pariwo.

Nọ́ọ̀sì tún yí nǹkan mìíràn. *Kiriririririn!* Àpótí dún. Ẹ̀rù ba àwọn tó wà níwájú, wọ́n sún sẹ́yìn. Ládòkun fò mọ́ ọn, ó fi agbádá bò ó, àpótí ò dákẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó lé e. Atànmọ́lẹ̀ wa jókòó, ìdí rẹ̀ ń dún kiriririn bíi kẹ̀kẹ́ alágogo, gílóòbù sì ń tàn níwájú orí rẹ̀.

"Dìde," ni Baálẹ̀ wí.

Ọ̀gá ìjọba fi ọ̀bẹ ya èdìdì. Òwú ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn òwú, aago orí tábìlì, èyí tó ń jíni láàárọ̀, tí adìẹ kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣá ọkà. Kò, kò, kò, adìẹ ń ṣá a lọ.

Ràmọ́nì télọ̀ ló kọ́kọ́ lóhùn. "Áà! Adìẹ ló ń ṣá owó wa jẹ!"

Ariwo sọ. Gbogbo ojú yí sí Àmúdà, ẹni tó ń fún adìẹ lóògùn láràárọ̀. Àmúdà ò dúró kí wọ́n bi í.

"Mo sọ fún yín, Àlàájì! Mo ní ká jẹ́ kí ẹni tó ń tún aago ṣe yọ agogo inú wọn kúrò. Ẹ ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù!"

Ọ̀gá ìjọba ká ìwé àṣẹ sínú báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò láìdágbére. Ewé akòko tí Baálẹ̀ fẹ́ já lé Ládòkun lórí bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ kan sì gbé e mì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ogójì adìẹ ti jáde nínú ogójì àpótí.

Baálẹ̀ ò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀rọ náà di ti ìlú, títí gbèsè tí Ládòkun jẹ wá yóò fi tán. Ilé ìgbẹ̀bí kò ní san kọ́bọ̀ mọ́. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sórí òpó kí Mágàríbì ọjọ́ náà tó kọjá.

Àmúdà ní òun ò gun òpó fún un mọ́. Bí Ládòkun ṣe gbé àkàbà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e. Agbádá funfun há mọ́ ìṣó, ó ya láti èjìká dé ìdí. Ó dúró sókè lórí òpó, ó ń wá ojú wáyà. Jígí dúdú ò jẹ́ kó ríran, ó bọ́ ọ, ó jù ú sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa rí ojú rẹ̀: ojú kéékèèké méjì tó ń wá ibi tí yóò sá sí.

Gílóòbù ilé ìgbẹ̀bí tàn. Àdìjátù gbé ọmọ rẹ̀ wá sójú fèrèsé.

Nígbà náà ni Ìyá Ojúọlápé, tí ìka rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, gbójú sókè, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè:

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ló lù?"