Iṣu Tuntun Tó Wà Nínú Kayé Ọmọ Mi

Ọjọ́ kan ṣì wà lọ́kàn mi bí àlá tí ilẹ̀ mọ́ bá tí kò lọ. Láti ìgbà tí alùpùpù ti gbé mi ṣubú lọ́nà Lougba, tí Ọlọ́run yọ mí, gbogbo nǹkan ló ń já mi láyà: afárá, òjò, ajá tó bá wò mí jù. Iṣu nìkan ni kò bà mí lẹ́rù.

Nígbà ìsinmi, olùkọ́ Felísí, ọmọbìnrin mi, ní kó máa kọ ohun tójú rẹ̀ bá rí lójoojúmọ́ sínú kayé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, kí ìwé kíkọ lè mọ́ ọn lára. Ọmọ tí kò lè kọ gbólóhùn méjì tẹ̀ léra tẹ́lẹ̀ wá ń kọ ojú ewé kún. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kọ irọ́ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Nínú ẹbí wa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu tuntun kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Savalou, tó tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ọdún iṣu. Ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́ lóko mi ní Koko, kùrukùru bo ebè, òórùn ilẹ̀ tútù ń gbé mi lọ bí oorun. Kí n tó mọ̀, mo ti hú ọ̀kan. Mo gbé e délé ní Bantè, mo tilẹ̀kùn, mo sè é. Èmi tí mò ń sá fún ajá!

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, a dé Savalou. Bàbá Àgbà rí kayé lọ́wọ́ Felísí, ó ní kó kà á fún gbogbo ẹbí. Ọkàn mi balẹ̀: Faransé ló fi kọ ọ́, baba kò sì gbọ́ Faransé. Àṣé ọmọ mi á máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa fún wọn!

"Ìyá mi hú iṣu tuntun. Ó tilẹ̀kùn. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń dijú. Ó fún mi díẹ̀, ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo wúkọ́. Mo ní ká jẹ́ kí ọmọ lọ sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó kà á tán," àbúrò mi obìnrin ní, "ó ń dùn!"

Bàbá Àgbà wojú mi. "Ṣé ọmọ yìí ń purọ́ ni?"

Felísí di kayé mọ́ àyà. "Màmá, ṣé kí n fà á ya?"

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní irọ́ ni, kò ní kọ̀wé mọ́ láé. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, òótọ́ ló kọ."

Baba wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù tó o bá dé afárá! Ó dáa. Ìwọ lo máa gún iyán gbogbo ilé lọ́la. Jíjẹ ńkọ́? O ti jẹ tìrẹ."

Mo gún un títí apá mi fi kú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹni tó bá ní kí ọmọ kọ òótọ́, kó yáa ṣọ́wọ́ ara rẹ̀. Felísí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó ń kọ̀wé.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kúnlẹ̀ lánàá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" àbúrò mi ké láti inú ilé. Ẹ̀rín pa mí, ọmọ odó sì bọ́ lọ́wọ́ mi.